Òrùlé Kan fún Pákó àti Àgbàdo

Lọ́dún tí a kọ́ ilé kékeré sí ẹ̀yìnkùlé wa, àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ni. Abúlé là ń gbé, lójú ọ̀nà tó ti Ìwó lọ sí Olúpọ̀nnà, nínú ilé tí bàbá ọkọ mi kọ́ nígbà tí wọ́n fi àárín ìlú sílẹ̀ kí wọ́n lè sún mọ́ oko wọn. Káfíńtà ni ọkọ mi. Abẹ́ igi kajú tó wà níwájú ilé ló ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ń ta àgbàdo àti èlùbọ́. Mo máa ń rà wọ́n káàkiri àwọn abúlé nígbà tí wọ́n bá pọ̀, màá tọ́jú wọn di ìgbà tí wọ́n bá wọ́n, kí n tó kó wọn lọ sọ́jà ní Ìwó.

Ẹni tó bá wọ ilé wa nígbà náà kò ní mọ̀ bóyá ilé ènìyàn ni tàbí ilé ẹrù. Abẹ́ ibùsùn wa, pákó ni. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, pákó ni. Àpò àgbàdo kún pálọ̀ débi pé orí àpò ni àlejò máa ń jókòó sí, bó bá sì dìde, a ó rí ojú àpò lára aṣọ rẹ̀. Eku tí àwọn ìbejì ń pa lóòjọ́ kò lóǹkà. Bí mo bá sì dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án kí n lè sinmi díẹ̀, ọkọ mi á yọjú.

"Ìyá Ìbejì, jọ̀ọ́, dìde díẹ̀. Igi tí mò ń wá wà lábẹ́ rẹ."

Ohun tó mú wa gbé ìgbésẹ̀ ni ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí kan ní Ilé-Ogbó. Ìrókò ni ọkọ mi fi ṣe é, abala méjì, ó sì fín etí rẹ̀ yí ká bí etí aṣọ òkè. Ó kùn ún, ó gbé e ti igi kajú kó lè gbẹ, a sì lọ síbi ìkómọ kan ní Ìwó. Òjò tí ẹnikẹ́ni kò retí rọ̀ lẹ́yìn wa. Nígbà tí a dé, abala kan ti kákò, ekejì ti là láàárín. Ọkọ mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó jókòó ti ilẹ̀kùn náà, ó ń fi ọwọ́ pa á bí ẹni tó ń fi ọwọ́ pa orí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.

"Mo máa kọ́ ṣọ́ọ̀bù," ó ní.

"A máa kọ́ ọ ni," mo dá a lóhùn. "Àgbàdo tèmi náà kò fẹ́ òjò."

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ káfíńtà kò ṣe é pín, pé pákó gígùn fẹ́ ibi tó gùn. Mo ní àpò àgbàdo náà kò ṣe é gbé kọ́ sí ara ògiri. Ọ̀rọ̀ yìí ni a jẹ mọ́ oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Bàbá, ìyẹn bàbá ọkọ mi. Alùfáà ni wọ́n, àgbàlagbà tó máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kùránì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbọ́ tẹnu wa tán, wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n sì fà á sórí iyanrìn: ilé gígùn kan, ògiri kan láàárín rẹ̀.

"Ìwọ káfíńtà, ẹnu ọ̀nà tìrẹ rèé. Kó kọjú sí títì, kí oníbàárà lè rí ọ. Ìyàwó mi, tìrẹ rèé. Kó kọjú sí ilé ìdáná, kí olè má baà rí ọ."

A rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù ni ọkọ mi fẹ́ fi kọ́ ọ, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì ti di ohun àwátì láwọn ọdún yẹn. Bàbá ní kí ló ń wá kiri. "Ilé tí wọ́n bí ọ sí, ẹrẹ̀ ni. Èyí tí o ń sùn nínú rẹ̀, ẹrẹ̀ ni. Ṣé ó ti wó lù ọ́ rí ni?" Bí a ṣe fi ẹnu kò sí ẹrẹ̀ nìyẹn, pé bí sìmẹ́ńtì díẹ̀ bá bọ́ sí wa lọ́wọ́ nígbà tó bá yá, a ó fi rẹ́ ojú ògiri.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, àwọn àgbẹ̀ tó wà nítòsí wá bá wa ṣe ọ̀wẹ̀. Ẹ̀yìn ilé gan-an ni a ti gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ náà, yẹ̀pẹ̀ pupa tó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ dáadáa. Àwa obìnrin ń pọn omi láti odò, àwọn ọkùnrin ń fi ẹsẹ̀ po ẹrẹ̀. Tí ó bá kúnná, wọ́n á mọ ọ́n ní ìṣù, ẹnì kan á jù ú, ẹnì kan á gbà á, ẹni tó wà lórí ògiri á tẹ́ ẹ, á sì gbá a mọ́lẹ̀. Mo se ẹ̀wà tó pọ̀, mo po gàrí sí igbá ńlá, mo sì yan ẹja sí i. Lọ́jọ́ náà, ìpele àkọ́kọ́ dúró yí ká.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìdúró ló kù. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Láràárọ̀ tí ọkọ mi bá kírun tán, ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ. Á gbé ọwọ́ lé ògiri, á tún gbé etí sí i, bí ẹni pé ògiri ń sọ ohun kan.

"Ó ti gbẹ," á wí.

"Kò tíì gbẹ," Bàbá á dá a lóhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, láìdìde. "Ilé ẹrẹ̀ kì í fẹ́ ìkánjú."

Bí a ṣe dé ibi fèrèsé, a tún ṣe àríyànjiyàn tiwa. Ó fẹ́ fèrèsé ńlá kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sórí iṣẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kékeré tó ga sókè, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kí ewúrẹ́ má sì wọlé. Olúkúlùkù gba tirẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró sójú títì wo ilé náà, ńṣe ló dà bí ẹni tó la ojú kan tó sì di èkejì.

Nígbà tí ògiri ga tó bí a ṣe fẹ́, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi òrùlé. Inú rẹ̀ dùn gan-an lásìkò yẹn. Ẹrẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ló ń sọ ohun tó máa ṣe fún un. Igi ni tirẹ̀. Ó to wọn sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó sàmì sí wọn, ó ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́. Bàbá ní kó jẹ́ kí ìpele òkè sinmi díẹ̀ sí i. Ọkọ mi ní òun kàn fẹ́ dán igi kan wò ni.

Mo wà nílé ìdáná tí mo gbọ́ ìró. Etí ògiri ní igun kan tí oòrùn kì í dé ni kò tíì le. Ọkọ mi ti gun orí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ó wà nílẹ̀, igi wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì kọjú síbi tí kò yẹ kí ẹsẹ̀ kọjú sí. Kò pariwo. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹsẹ̀ mi ti kán." Bàbá ló ké sí àwọn ará ilé kejì. Wọ́n gbé e sínú mọ́tò akẹ́rù kan tó ń kọjá, a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun ní Olúpọ̀nnà. Bàbá náà tò ó, ó fi igi pẹlẹbẹ dì í, ó sì ní kó wà lọ́dọ̀ òun títí eegun yóò fi so pọ̀.

Mo ń gbé oúnjẹ lọ, mo ń gbé aṣọ bọ̀. Ara rẹ̀ ń yá díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ń yí padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àrá sán láti ìhà Ilé-Ogbó, ọkàn mi sì lọ tààrà sí ògiri tó wà ní ìhòòhò ní ẹ̀yìnkùlé. Èmi àti àwọn ìbejì fi imọ̀ ọ̀pẹ àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo orí rẹ̀. Òjò kékeré kan rọ̀, ó sì ha nǹkan díẹ̀ lọ lára igun tó já. Àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ ọkọ mi wá kí i, wọ́n gbé búrẹ́dì àti ọsàn wá, wọ́n sì ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni gbogbo ayé ń kan òrùlé. Kò sí ẹni tí iṣẹ́ kò kún ọwọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan ló kù tí kò wá. Òun àti ọkọ mi ni wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ní Ìwó, wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan. Òun ló ṣáájú díẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, iṣẹ́ àga ilé-ìwé kan bọ́ sí ọwọ́ ọkọ mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì gbà pé ẹ̀yìn òun ló gbà lọ bá ẹni tó ni iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ní ẹni náà ló wá bá òun fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pàdé ní Jímọ̀, ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń jù síra wọn.

Mo lọ bá Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ lọ bá ọ̀rẹ́ náà.

"Ṣé o fẹ́ kí n fún ọ láyè ni," wọ́n bi mí, "àbí o fẹ́ kí n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́?"

"Mo fẹ́ kí ẹ fún mi láyè, Bàbá."

"Ó dáa. Lọ."

Mo bá ọkùnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìwó, ó ń fi ìfági fá pákó. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ìyàwó, o kú ọjọ́ mẹ́ta. Dìde." Kò dá ìfági dúró. "Mo gbọ́ pé ó ṣubú."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ wọn ló kán. Ó ti ń so."

"Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà."

"Àmín."

Ó fá pákó náà títí, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó kù láti fá lára rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ó béèrè pé, "Ṣé òun ló rán ọ wá?"

"Rárá. Wọn ò mọ̀ pé mo wá. Òjò ló rán mi."

Ó gbé ojú sókè wò mí. Mo sọ fún un bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, pé ògiri ti tó òrùlé, pé igi wà nílẹ̀, pé kò sí ohun tó bo ẹrẹ̀ náà ju imọ̀ ọ̀pẹ lọ. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ kọ́ iṣẹ́," mo ní. "Mi ò mọ ẹlòmíràn tó lè bá wọn kan òrùlé tí wọn ò ní tú u ká tí wọ́n bá padà dé."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbé e mì.

"Igi wo ló gé?"

"Àfàrà ló pọ̀ jù, ìrókò díẹ̀."

"Ìrókò ni kó fi gbé àárín ró," ó wí, kì í ṣe fún mi. Ó gbọn èébọ́ pákó kúrò lára rẹ̀. "Máa lọ sílé, ìyàwó. Bá mi kí Bàbá."

Kò sọ pé òun ń bọ̀, kò sì sọ pé òun kò ní wá. Mo wọ mọ́tò padà sílé, mo ń ro ohun tí ọkọ mi máa sọ bó bá gbọ́. Mi ò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ náà.

Ó wá. Àárọ̀ kùtùkùtù ló dé pẹ̀lú àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ méjì. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó rìn yí ilé náà ká, ó sì fi ìka gún ògiri níbi púpọ̀. Lẹ́yìn náà ló dúró ti àwọn igi tí ọkọ mi ti sàmì sí. Ó gbé ọ̀kan, ó wo ojú ibi tó gé e, ó sì gbé e padà jẹ́jẹ́.

Mo gbé oúnjẹ fún wọn. Àwọn ọmọọṣẹ́ jẹ. Òun ní, "Mi ò wá jẹun, ìyàwó." Mo gbé tirẹ̀ padà. Lọ́jọ́ kejì, ó béèrè omi. Mo gbé omi fún un, mo gbé iyán àti ẹ̀fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo padà wá, àwo ti mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni mo lọ sọ́dọ̀ ọkọ mi ní Olúpọ̀nnà láti sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìfági dé orí iyán. Ó yí ojú sí ògiri. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di àwo mi kí n máa lọ. Ohùn rẹ̀ ló dá mi dúró.

"Báwo ló ṣe to àwọn igi náà?"

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé. Mo fi ìka fà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó gbé ara sókè lórí ìgúnpá, ó wò ó, ó ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ tò ó." Ó tún wò ó. "Ìyẹn náà dáa." Lẹ́yìn náà: "Sọ fún un pé afẹ́fẹ́ tó lágbára máa ń wá láti ìhà odò. Kó so ó dáadáa níbẹ̀."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lórí ògiri, ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ ìṣó náà.

"Ṣé ó rò pé mi ò mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà ni? Sọ fún un pé nígbà tí mo ti ń kan òrùlé, gbígbá èébọ́ igi ni tirẹ̀."

Ṣùgbọ́n mo rí i tó sọ̀ kalẹ̀, tó gé igi méjì sí i, tó sì lọ kàn wọ́n mọ́ ìhà odò.

Bí mo ṣe di aṣojú láàárín wọn nìyẹn. Mo ń gbé ọ̀rọ̀ lọ pẹ̀lú oúnjẹ, mo ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ pẹ̀lú àwo òfìfo. Ọkọ mi á ní kó má jẹ́ kí páànù kúrú létí òrùlé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní kó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán sinmi, kó fi ẹnu rẹ̀ náà sinmi. Nígbà tí mo jẹ́ iṣẹ́ ìkẹyìn yìí, ọkọ mi rẹ́rìn-ín débi pé bàbá tó ń to eegun yọjú láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n tún igun tó já mọ, wọ́n kan igi tán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan páànù. Ọjọ́ tí wọ́n ń kan èyí tó kẹ́yìn ni ọkọ mi dé, pẹ̀lú ọ̀pá lábẹ́ apá, mọ́tò sì já a sílẹ̀ lẹ́bàá igi kajú. Kò wọ inú ilé. Ó ń tiro bọ̀ lẹ́yìnkùlé, èmi tẹ̀ lé e. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ojú sókè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́ pé òòlù àwọn ọmọọṣẹ́ dákẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí àkàsọ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"O ti dé," ó ní.

"Mo ti dé. O kú iṣẹ́."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ṣì ń dùn mí, àmọ́ mo lè tẹ̀ ẹ́."

Kò sí ẹni tó mẹ́nu ba àga ilé-ìwé. Ọkọ mi gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó fi tọ́ka. "Igi tó wà lápá ọ̀hún ga ju ìyókù lọ."

"Kò ga. Ìwọ ni o dúró ní wíwọ́."

Bàbá, tí wọ́n ti dé sí ẹ̀yìn wa láìjẹ́ pé a mọ̀, ní kí wọ́n gbé àkàsọ̀ wá kí wọ́n wọn igi náà. Wọ́n wọ̀n ọ́n. Ó ga díẹ̀ lóòótọ́, díẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní òjò ló mú kí igi wú. Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni, òjò ni. Wọ́n jókòó sórí pákó kan náà, mo sì gbé oúnjẹ wọn sínú àwo kan.

Ilẹ̀ ilé ló kù, iṣẹ́ àwa obìnrin sì nìyẹn. Àwọn ìyàwó àdúgbò wá. A da yẹ̀pẹ̀ sí i, a wọ́n omi, a fi igi pẹlẹbẹ lù ú bí orin wa ṣe ń lọ, lẹ́yìn náà a fi ìgbẹ́ màálù tí a pò mọ́ omi ewé rẹ́ ẹ títí tó fi ń dán. Nínú àká tèmi, mo ní kí wọ́n lù ú léraléra, nítorí ikán àti eku. Ọkọ mi jókòó síta, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sórí àpótí, ó ní kí a má gbàgbé igun. Obìnrin kan ní kó dìde wá lù ú fúnra rẹ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a kó ẹrù jáde, pálọ̀ wa tóbi lójú mi. Àwọn ìbejì sáré nínú rẹ̀ títí wọ́n fi ṣubú. Mo gbá abẹ́ ibùsùn, mo rí àwọn nǹkan tí mo ti gbàgbé pé mo ní: ìgò epo ara kan, bàtà ọmọ, ṣíbí méjì. Nínú àká, ọkọ mi kan pẹpẹ igi sílẹ̀ kí àpò mi má baà fi ìdí kan ilẹ̀. Mi ò bẹ̀ ẹ́ kó ṣe é. Nígbà tó yá, a rí sìmẹ́ńtì díẹ̀, a fi rẹ́ ojú ògiri tó kọjú sí títì, èyí tó kù wà bẹ́ẹ̀.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo kó àgbàdo síbẹ̀, kòkòrò kò jẹ ẹ́, omi kò kàn án. Àwọn obìnrin abúlé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí wọ́n kó àpò tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, mo sì ń gbà wọ́n láyè bí àyè bá wà. Bí òjò bá lé àwọn ọmọ kéú kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá á kó wọn wá sínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á jókòó sórí èébọ́ igi pẹ̀lú wàláà wọn lórí itan. Ọkọ mi á gbé ayùn sílẹ̀ títí wọn yóò fi parí. Lẹ́yìn Jímọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń gun alùpùpù rẹ̀ wá láti Ìwó. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa jiyàn nípa igi títí di ìrọ̀lẹ́.

Èmi, ẹnu ọ̀nà àká mi ni mo ti máa ń ṣa èlùbọ́ lọ́sàn-án, níbi tí òjìji ilé máa ń bọ́ sí. Mò ń gbọ́ ayùn ní òdì kejì ògiri, tó ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà mìíràn á dákẹ́, ọkọ mi á fi ìka kan ògiri náà, á béèrè bóyá oúnjẹ ti jinná. Màá ní ó ku díẹ̀, ayùn á sì tún bẹ̀rẹ̀.